Ta Ni Ó Ni Òkè?

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí èyí tí ọmọdé lè dáhùn, ṣùgbọ́n tí ó ti mú kí àwọn adájọ́ àgbà jókòó ronú: ta ni ó ni òkè? Ṣé ẹni tí ó ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè ni, àbí ìjọba tí ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà, àbí ẹni tí ó ní owó àti ẹ̀rọ tí yóò fi wa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde? Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí lóréfèé, ọ̀rọ̀ òfin ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u dé ìsàlẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí òfin fún ènìyàn láyè láti mú ni ó tọ́ kí ó mú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Íńdíà, kí a tó padà wá sí ilé. Ní ìpínlẹ̀ Odisha, ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, àwọn òkè kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Niyamgiri. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni Òkè Òfin. Àwọn Dongria Kondh, ẹ̀yà kékeré kan tí iye wọn tó nǹkan bí 8,000, ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń gbin atalẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Niyam Raja, Ọba Òfin, ni ó ni òkè náà, àti pé òun ni ó fi í lélẹ̀ fún àwọn baba ńlá wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi téńté orí rẹ̀. Nítorí èèwọ̀ yìí, igbó náà dúdú minimini títí di òní, omi tútù sì ń ṣàn jáde láti ara òkè náà.

Lábẹ́ igbó yìí gan-an ni bauxite wà, erùpẹ̀ tí a ń yọ alumíníọ̀mù nínú rẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní 70 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ Vedanta, tí orúkọ rẹ̀ wà ní ọjà ìdókòwò Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, fẹ́ wà á pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Kí wọ́n tó gba àṣẹ láti wa òkè, wọ́n ti kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa sọ bauxite náà di ohun èlò sí Lanjigarh ní ẹsẹ̀ òkè. Ó dà bí ẹni tí kò tí ì tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òbí, tí ó ti ń kọ́ yàrá ìyàwó.

Àwọn Dongria Kondh kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n dí ọ̀nà, wọ́n wọ́de, ìròyìn wọn sì kan gbogbo ayé. Ní oṣù Kejì 2010, Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta ìpín tí ó ní nínú ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ Íńdíà tí ó ń bójú tó igbó àti àyíká kọ̀ láti fi àṣẹ sí ìwakùsà náà. Ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ti ìpínlẹ̀ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2013, ilé-ẹjọ́ náà ní kí wọ́n lọ bi àwọn ará abúlé fúnra wọn léèrè bóyá ìwakùsà yìí yóò ba ẹ̀sìn àti ẹ̀tọ́ wọn jẹ́. Abúlé méjìlá ni ìjọba ìpínlẹ̀ yàn. Láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, wọ́n pe ìpàdé ní gbangba lọ́kọ̀ọ̀kan, adájọ́ sì jókòó níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Méjìlá nínú méjìlá ni ó wí pé rárá. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2014, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ sì tún bẹ̀bẹ̀ ní 2016 pé kí wọ́n tún ìpàdé náà pè, ilé-ẹjọ́ kò gbà.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ó yẹ kí a gbọ́ ẹnu àwọn tí ó fẹ́ wa òkè náà. Wọ́n ní agbègbè náà tálákà, ebi sì ti pa á rí. Ìwakùsà yóò mú iṣẹ́, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn wá. Wọ́n ní kò tọ́ kí ènìyàn díẹ̀ dá ire àìmọye ènìyàn dúró. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwa tí à ń dá wọn lẹ́bi, ìkòkò alumíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń se ọbẹ̀, òun náà ni òmíràn nínú wa fi bo ilé. Ilẹ̀ ẹnìkan ni wọ́n gbẹ́ kí ìkòkò náà tó dé ìdí ààrò wa. Ẹni tí ó ń jẹ ẹran kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé alápatà wà.

Síbẹ̀, ìdáhùn wà. Èkíní ni pé ilẹ̀ kò dà bí aṣọ tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè bọ́ tà. Ní 1912, olóyè kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹbí tí ó ni ilẹ̀ kì í ṣe àwọn tí à ń fi ojú rí nìkan. Àwọn tí ó ti lọ àti àwọn tí a kò tí ì bí wà nínú rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, alágbàtọ́ ni ẹni tí ó wà láàyè. Alágbàtọ́ oko lè jẹ nínú èso, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fa gbòǹgbò tu.

Èkejì ni pé ẹni tí ó ti ń gbé ibì kan láti ayébáyé ni ó mọ èyí tí í ṣe èso àti èyí tí í ṣe gbòǹgbò níbẹ̀. Lójú oníṣirò, erùpẹ̀ títà ni bauxite orí Niyamgiri. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ yẹn ni ó ń fa omi òjò mu bíi kànrìnkàn, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá kó o lọ, odò yóò gbẹ, oko yóò sì tẹ̀lé e. Ohun tí a rò pé èèwọ̀ lásán ni, ìmọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ dandan kí a béèrè kí a tó gbẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé, bí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn bá gbà ńkọ́? Idà yìí olójú méjì ni. Bí ìjọba kò bá ní ẹ̀tọ́ láti ta gbòǹgbò, baálẹ̀ tí ó gba owó ní òru kò ní in pẹ̀lú. Gbangba ni wọ́n ti dáhùn ní Niyamgiri, tọkùnrin tobìnrin, kì í ṣe ní ìyẹ̀wù ẹnìkan. Bí ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá gbà pé kí a wa ibì kan tí kì í ṣe gbòǹgbò, èmi kò ní bá wọn jà. Ebi kì í ṣe ohun àmúyangàn, ọmọ tí a kò tí ì bí yóò sì nílò ilé ìwòsàn bí ó ti nílò odò.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ inú àkójọ ogún àgbáyé ti UNESCO ní 2005. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, a ti rí i tí omi Ọ̀ṣun pọ́n bí omi amọ̀ nítorí àwọn tí ń wa wúrà ní apá òkè odò náà. Ta ni ó pe ìpàdé? Ta ni a bi léèrè? Bí wọ́n bá wí ní ọ̀la pé bauxite wà lábẹ́ Olúmọ, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá di, ǹjẹ́ iye owó ni a ó kọ́kọ́ béèrè?

Àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmọ tí a bá kọ́ ní orúkọ odò àti òkè ìlú rẹ̀, àti ìdí tí àwọn àgbà fi ka ibẹ̀ sí, yóò ní ohun tí yóò sọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá pe ìpàdé. Èyí tí a kò bá kọ́ yóò jókòó síbẹ̀ láìfọhùn, bí wọ́n tilẹ̀ bi í léèrè.