Kí Ló Bí?

Bí a bá gbọ́ pé aboyún ti sọ̀ kalẹ̀, kí ló máa ń kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu wa? "Kí ló bí?" A ò tíì béèrè bí ara ìyá ṣe rí o. Akọ tàbí abo la fẹ́ gbọ́.

Lọ́dún 2009, wọ́n bí ọmọ kan ní Nairobi, ní Kenya, tí ara rẹ̀ kò ṣe akọ délẹ̀, tí kò sì ṣe abo délẹ̀. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ akọ tàbí abo sí nínú ìwé ọsibítù, àmì ìbéèrè ni wọ́n fi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Adájọ́ dá ẹjọ́ lọ́dún 2014 pé kí ìjọba wá bí òfin yóò ṣe rí tirú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ rò. Nígbà tí Kenya ka èèyàn lọ́dún 2019, wọ́n kà wọ́n mọ́ ọn: 1,524. Lójú tèmi, àmì ìbéèrè yẹn lòótọ́ jù nínú gbogbo ìwé náà. Ìṣòro ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Ṣebí wọ́n kọ́ wa pé XX lobìnrin, XY lọkùnrin, ó parí. Kò parí. SRY, jíìnì tí wọ́n rí lọ́dún 1990, ló ń tọ́ka ọ̀nà akọ fún ọmọ inú, àmọ́ kò dá iṣẹ́ ṣe. SOX9 wà lẹ́yìn rẹ̀, SOX9 kan náà ló sì wà nídìí bí egungun ṣe ń tò. Bí ìyàtọ̀ kékeré bá bá a, ọmọ lè wáyé pẹ̀lú egungun ẹsẹ̀ tó tẹ̀, kí mímí nira fún un, kó ní XY, síbẹ̀ kára rẹ̀ jọ tobìnrin. Kò sọ́wọ́ àjẹ́ ìdílé kankan níbẹ̀.

Ta wá ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mú abẹ? Ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí iyọ̀ máa ń gbẹ lára wọn. Bí wọn ò bá tètè rí oògùn, wọ́n á kú. Ìyẹn ò ṣeé dúró dè. Abẹ tí mò ń bá wí lèyí tó ń gé ohun tí kò dun ọmọ, torí kójú àwa àgbà lè balẹ̀. Òfin ọmọdé tí Kenya ṣe lọ́dún 2022 ti fi ìkìlọ̀ sí i.

Èdè wa lè dúró de ọmọ yìí. Ó sunkún, ó mu ọmú, ó rẹ́rìn-ín: "ó" kì í bèèrè abẹ́ aṣọ. Lọ́jọ́ ìkómọ, kò di dandan ká sọ ọ́ ní Babátúndé tàbí Yétúndé. Ayọ̀délé ń bẹ.

Àmọ́ mo mọ ohun tí ìyá ọmọ á sọ fún mi: "Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá wẹ ọmọ lọ́la. Kí n sọ pé kí ni?" Gírámà ò gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn. Èmi ì bá ní kó gbé ọmọ fún màmá, kí màmá wẹ̀ ẹ́, kó fà á lápá, kó fà á lẹ́sẹ̀, bó ṣe wẹ àwọn tó kù.