Ta Ni Ó Ń San Ìyókù?

Ọ̀pọ̀ ni gbogbo ayé ń wá lọ́jà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó sọ ohun tí ọ̀pọ̀ jẹ́ fún mi kí ó yé mi. Ọ̀ràn kọ̀ǹpútà ni ó mú mi ro ó. Àbúrò mi kan tí a jọ ń gbé ní Ìlúpéjú, tí ó sì ń kàwé ní yunifásítì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́ ní 2011, fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, èyí tí a ń pè ní server, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa kó ìwé wọn pamọ́ sínú rẹ̀ láìsan owó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni. Tòkunbọ̀ méjì ni ó rí: ọ̀kan ńlá, tí ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ti lò gbó, èkejì kò ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ. Ẹ wá wo ohun ìyanu: ti ńlá ni owó rẹ̀ kéré.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí kọ́ ni ọ̀pọ̀?”

Mo ní kí á ṣírò ná. Irú ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ iná 150 wáàtì lórí ìjókòó lásán. Kékeré lè máa jẹ nǹkan bí 10. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, yúníìtì 108 ni ti ńlá, 7 lé díẹ̀ ni ti kékeré. Bí NEPA bá sì mú iná lọ (orúkọ tí a kò fi sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti di ìtàn láti 2005), bátìrì àti sólà lè gbé kékeré. Ńlá yóò ké pe jẹnẹrétọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìyẹn fún.

Síbẹ̀, ìṣírò ni gbogbo èyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sun owó ara rẹ̀, kí ó máa sun ún. Ibi tí ọ̀ràn ti di ti ìwà ni pé òun nìkan kọ́ ni ó ń sanwó. Èéfín kò mọ ògiri. Obìnrin tí ó bímọ tuntun ní yàrá kejì kò bá wa ná ọjà, oorun rẹ̀ ni ó sì fi ń san tirẹ̀.

Àbúrò mi kò gbà. “Owó kékeré kò sí lọ́wọ́ mi lónìí, ti ńlá ni ó wà. Ṣé kí tálákà má ṣe nǹkan kan ni?”

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Díẹ̀díẹ̀ ni tálákà ń sanwó, àpapọ̀ rẹ̀ a sì máa ju ti olówó lọ. N kò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òṣì mi ni mo lè fi ná ọjà, n kò lè fi oorun ẹlòmíràn kún un láìbi í. Kí ó lọ bi obìnrin náà.

“Bí ó bá gbà ńkọ́?”

Bí ó bá gbà, ó ti tán láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa kú. Ìwádìí tí Basel Action Network gbé jáde ní 2005 sọ pé nínú àwọn ẹ̀rọ àlòkù tí ń gba Èkó wọlé, èyí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ààtàn ni wọ́n ń lọ, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀. Ńlá tàbí kékeré, ibẹ̀ náà ni tiwa yóò gbẹ̀yìn sí. Àwọn wọ̀nyẹn, ta ni yóò lọ bi wọ́n?