Ta Ni Yóò San Àáró Katakata?

Bí aládùúgbò wa bá fi àdá bá wa ṣánko fún ọjọ́ kan gbáko, a mọ ohun tá a jẹ ẹ́: ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n tó bá gun katakata kékeré tirẹ̀ wọ àgbàlá wa, tó sì parí iṣẹ́ ọ̀hún kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó tutù, kí la jẹ ẹ́? Ṣé ìṣẹ́jú mélòó kan ni, àbí ọjọ́ kan náà? Ó jọ àwàdà létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà fún àwa tá a ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìletò tó yí i ká.

Ẹ wo bí ilé ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tó kọ́lé sílé. Ilé ọ̀hún lè wà ní títì pa títí di Ìléyá, nígbà tí wọ́n bá ń wálé fún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta ọdún. Kí wọ́n tó dé, koríko ti ga dé fèrèsé, imọ̀ ọ̀pẹ ti já lé ògiri, òjò ti wọ́ yẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà lọ. Irú iṣẹ́ báyìí ni katakata kékeré wà fún. Kì í ṣe èyí tó ń wó igbó o. Agbára rẹ̀ kì í sábà ju ti ẹṣin 20 sí 50 lọ. Wọ́n lè so abẹ ìgékoríko mọ́ ọn, tàbí irin ìtúlẹ̀, tàbí kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń kó yẹ̀pẹ̀, omi àti igi.

Kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn baba wa ti ní orúkọ fún iṣẹ́ àjọṣe. N. A. Fádípẹ̀ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London lọ́dún 1939, tí wọ́n tẹ̀ jáde n'Íbàdàn lọ́dún 1970. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ máa ń yípo oko ara wọn: tìẹ lónìí, tèmi lọ́la, gbogbo wa la sì ń kà á. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bẹ̀ ẹ́ á wá oúnjẹ àti ọtí, àwọn èèyàn á wá, kò sì sẹ́ni tó ń ka iye ọjọ́. Ẹ̀tọ́ ni àáró, àánú ni ọ̀wẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ká máa sọ pé ìgbà ọkọ́ àti àdá dùn ju tòní lọ. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san èlé owó; ẹrú sì wà lóko tí kò sẹ́ni tó máa dá iṣẹ́ rẹ̀ padà láéláé. Eredo Sùǹgbọ́ ṣì yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká títí dòní, yàrà àti òkìtì tó gùn ju kìlómítà 160 lọ, tó ga tó mítà 20 láwọn ibì kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. À ń fi í yangàn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè búra pé gbogbo ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ ló wá tìfẹ́tìfẹ́? Nítorí náà, ẹni tó ra ẹ̀rọ kí ẹ̀yìn má baà máa ro ó kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ríro kọ́ ni ìwà ọmọlúàbí.

Kí wá ni àáró ń kà gan-an? Bó bá jẹ́ òógùn, ẹni tó jókòó lórí ẹ̀rọ ò làágùn púpọ̀, a ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ wákàtí, ìyànjẹ nìyẹn, torí dísẹ́ẹ̀lì tó jó àti owó tó fi ra ẹ̀rọ kò sí nínú wákàtí. Bó bá sì jẹ́ bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, a óò fi àdá ṣiṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan láti san iṣẹ́ òwúrọ̀ kan padà. Láìpẹ́, ẹlẹ́rọ á ti sọ gbogbo àdúgbò di ìwọ̀fà rẹ̀.

Lójú tiwa, kò sí èyí tí àáró ń kà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ iṣẹ́ gìrìpá àti ti àgbàlagbà kò dọ́gba rí, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbé òṣùwọ̀n wá sóko. Ohun tí àáró ń kà ni pé ẹnì kan fi tiẹ̀ sílẹ̀ wá síbi tiwa, ó sì dá a lójú pé àwa náà á fi tiwa sílẹ̀ lọ́la.

Àwọn kan á ní, "Ẹ sanwó fún un jàre, kí ọ̀rọ̀ tán." Ohun tó dùn nínú owó náà ló burú nínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ tán lóòótọ́. Bá a bá ti sanwó, kò sídìí tá a fi máa yọjú síra wa mọ́ títí koríko á tún fi ga. Ládùúgbò tí ilé títì pa ti pọ̀, ta ni yóò wá mọ̀ pé Màmá tó ń dá gbé níkangun kò tíì ṣílẹ̀kùn láti àná?

Ẹ̀rọ pàápàá nílò àdúgbò. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, bíi mẹ́fà rẹ̀ ló wà nínú éékà kan. Ta ló máa ra katakata nítorí ẹyọ kan? Àwọn oníṣòwò ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2014, Jehiel Oliver, ọmọ Amẹ́ríkà, fi katakata onítáyà méjì, èyí tí èèyàn ń rìn tẹ̀ lé lẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ Hello Tractor ní Nàìjíríà. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ atọ́pinpin ni wọ́n ń so mọ́ katakata oníkatakata, kí àwọn àgbẹ̀ lè háyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n oko kékeré kan ò tó pe katakata, àfi kí aṣojú kó àwọn olóko tó wà nítòsí ara wọn jọ. Ṣebí àáró náà ló tún yọjú yẹn!

Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Kí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún san owó dísẹ́ẹ̀lì, ti dẹ́rẹ́bà àti ti àtúnṣe ní gbangba, láìsí èrè lórí rẹ̀. Ìyókù, àáró ni. Katakata ò lè ro ìdí ẹ̀gẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò lè bó ẹ̀gẹ́ tá a fẹ́ fi ṣe gàrí, kò sì lè ṣọ́lé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kí ẹni tó kàn jẹ́ ẹni tó kàn, kí olówó tó pè láti Èkó lánàá má ṣíwájú ìyá tó ti ń dúró láti ọ̀sẹ̀ méjì. Arúgbó tí kò lè dá nǹkan kan padà, ọ̀wẹ̀ la ó ṣe fún un, a ò sì ní kà á. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbé ọmọdé sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tàbí kó fi agbádá sún mọ́ ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Ẹlẹ́rọ lè ní owó òun lòun fi rà á, kò sì purọ́. A ò lè fipá mú un. Ṣùgbọ́n kó rántí pé ojú ọ̀nà tó gbé e gbà wọlé, ọwọ́ púpọ̀ ló là á. Katakata ò ní àáró kankan tá a máa san fún un. Ẹni tó gùn ún wá la jẹ ní gbèsè, òun náà sì jẹ wá.