Kí Aró Yín Má Ṣá: Ìwúre fún Àwọn Aládìrẹ Tí Wọ́n Ń Tajà lórí Ayélujára

Ìbà Olódùmarè, Ọba tó fi aró pamọ́ sínú ewé èlú, tí ojú kò rí i títí ọwọ́ fi gún un. Ìbà ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìbà Olúmọ. Ìbà ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti lọ, ẹ̀yin tí ẹ gún èlú, tí ẹ ṣù ú, tí ẹ sá a sóòrùn, tí ẹ sẹ́ omi eérú lé e lórí, tí ẹ sì ṣọ́ ìkòkò aró títí ó fi gbó. Ìbà Ìyá Màpó, tí àwọn aláró àtijọ́ ń pè ní ìyá iṣẹ́ wọn. Mo júbà kí n tó la ẹnu. Ẹnu ọmọ tó júbà kì í já sófo. Kí ìbà mi ṣẹ. Àṣẹ.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà nínú ìsọ̀ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ̀yin ni mo wúre fún lónìí. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń fi fóònù kan ṣoṣo wá oníbàárà fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ì báà ṣe ahunṣọ Ìṣẹ́yìn, ì báà ṣe aránṣọ Òṣogbo, kó nawọ́ gba tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ayélujára ni aṣọ Abẹ́òkúta ti ń rìn. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń ti Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, wá ra àdìrẹ ní ìlú yìí. Kò sí àwòrán tí wọ́n rí kí wọ́n tó gbéra. Orúkọ rere ló ṣáájú aṣọ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọba tó mú ẹsẹ̀ oníbàárà la òkun kọjá wá bá àwọn ìyá ìyá wa, kó mú tiyín wá. Kí ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń wá aṣọ tí yóò fi kó ọmọ jáde, rí yín. Kí ẹni tó wà ní Houston, tó fẹ́ kí ẹbí rẹ̀ wọ aṣọ kan náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, rí yín. Kí ẹni tó wà ní Ìlọrin, tí kò jìnnà, tí kò sì mọ̀ yín, mọ̀ yín. Àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Àwárí ni kí oníbàárà máa wá yín. Àṣẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sí ìsọ̀ ìyá kan ní Ìtòkú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà lórí itan rẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ó dú minimini, àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn sì hàn lára rẹ̀ kedere. Ìyá ti ya àwòrán rẹ̀ nínú ìsọ̀, lábẹ́ páànù, ó sì ti gbé e sí status WhatsApp rẹ̀. Ohun tí mo rí lójú fóònù náà dà bí àkísà tí wọ́n ká jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èèyàn ti wò ó, wọ́n sì ti kọjá lọ. Ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Ìgbà náà ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé. Kò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká gbé e bọ́ síta." Ó fi etí ìró nu ojú kámẹ́rà. Ó fi aṣọ kọ́ ara ògiri tí oòrùn àárọ̀ ń bà, ó fa igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ó fi tẹ́. Ó ya odindi rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó ya ibi tí ìyẹ́ adìyẹ ti fa ilà ẹ̀kọ. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pá márùn-ún, kí ẹni tó bá rà á fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó kọ iye owó rẹ̀ síbẹ̀. Kò ní kí ẹnikẹ́ni wá béèrè ní kọ̀rọ̀. Ìyá gba fóònù, ó wò ó, ó wo aṣọ lára ògiri, ó tún wo fóònù. Ó ní, "Àṣé bó ṣe rẹwà tó nìyí." Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹnìkan ti ń béèrè bóyá ó ku méjì.

Kí Ọlọ́run gbé iṣẹ́ yín bọ́ síta bẹ́ẹ̀. Ohun tó dán lọ́wọ́ yín kò ní ṣókùnkùn lójú ẹlòmíràn. Ẹni tí yóò nu ojú kámẹ́rà yín, tí kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní jìnnà sí yín. Ìsọ̀ yín tí ẹ bá fi sórí máàpù Google, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ àlejò má ṣìnà kó tó débẹ̀. Ọjà tí ẹ bá tò sínú WhatsApp Business, èyí tí wọ́n ṣe jáde fún ọlọ́jà kékeré ní 2018, kí ó máa kí oníbàárà nígbà tí ọwọ́ yín bá wà nínú aró. Ìyẹ́ adìyẹ kan péré ni ìyá fi ń kọ odindi aṣọ, ilà kan lẹ́yìn èkejì, títí ojú aṣọ yóò fi kún. Fóònù kékeré tó wà lọ́wọ́ yín kò ní kéré jù fún iṣẹ́ ńlá. Oníbàárà kan lẹ́yìn èkejì, títí ìwé yín yóò fi kún. Àlà kì í wọ inú aró kó jáde ní funfun; ẹ kò ní wọ ọjà yìí kí ẹ jáde lófo. Àṣẹ.

Mo wúre òtítọ́ fún yín. Ní àwọn ọdún 1930, òwò àdìrẹ Abẹ́òkúta dojú rú. Ọ̀dá owó wà káàkiri ayé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn aláró kan tún ti ń lo aró òyìnbó àti sódà láìmọ ìwọ̀n rẹ̀, àwọn tó ń rà á sì ń kérora pé aṣọ ń ṣá, pé kì í pẹ́ gbó. Ọ̀rọ̀ náà dé ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá. Aṣọ tó ṣá lọ́rùn ẹnìkan ti ba ojú aṣọ ẹgbẹ̀rún jẹ́. Lóde òní, ìròyìn kì í dúró de ọkọ̀ òkun mọ́. Ẹni tó gba aṣọ tó yàtọ̀ sí èyí tó rí yóò ti sọ fún ayé kó tó bọ́ bàtà.

Nítorí náà, kí ohun tí ẹ fi hàn jẹ́ ohun tí ẹ ó fi ránṣẹ́. Tí ẹ bá kọ ọ̀pá márùn-ún, kí ó pé márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, kí ẹnu yín má pè é ní iṣẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá dá fún oníbàárà, kí ó má yẹ̀. Tí ọ̀nà bá sì dí, kí ẹ ní ìgboyà láti pè é kó tó pè yín. Àwòrán ẹlòmíràn kò ní wù yín jí, ẹlòmíràn kò sì ní jí tiyín. Orúkọ tí àwọn ìyá wa fi ọwọ́ dúdú kọ kò ní parẹ́ lójú wa. Aró yín kò ní ṣá. Orúkọ yín kò ní ṣá. Àṣẹ.

Mo wúre ààbò fún yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà, tí owó bébà di góòlù, ọ̀pọ̀ ìyá tí kò gba tiransifá rí ló gbà á ní dandan. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn kan rí àlẹ́ẹ̀tì lójú fóònù, wọ́n gbé ọjà fún oníbàárà, ilẹ̀ ṣú, wọn kò rí owó. Omijé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní bọ́ lójú yín. Kí ẹ tó gbé aṣọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ojú yín ti rí owó nínú àpò báńkì yín gan-an, kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan tẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àdìrẹ oníko, ẹ mọ̀ ọ́n: ibi tí ìko bá dì, aró kì í dé ibẹ̀. Kí nọ́ńbà àṣírí (PIN) àpò báńkì yín jẹ́ ìko. Kí òǹkà mẹ́fà tí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ jẹ́ ìko, kí ẹ má tú u fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì, bó ti wù kó fi ohùn ẹbí yín sọ̀rọ̀. Ọmọ yahoo tó bá na ọwọ́ sí ọjà yín, kí ó bá ibi dídì. Kí ìko yín má tú. Àṣẹ.

Mo wúre ọ̀nà tí kì í dí fún yín. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó ń gbé ayélujára gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan. Lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ dákẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti ibẹ̀ dé Èkó, àwọn ilé ìfowópamọ́ pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn Twitter pa ní Nàìjíríà, àwọn tó gbé gbogbo ìsọ̀ wọn síbẹ̀ sì di ẹni tí kò nísọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fara ti òpó kan ṣoṣo tí yóò wó. Kí ẹ ní ju ọ̀nà kan lọ. Kí orúkọ oníbàárà yín àti nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ, tí ẹ tọ́jú sínú àpótí. Kí ẹ kọ ohun tó wọlé, kí ẹ kọ ohun tó jáde, kí ẹ mọ èrè yàtọ̀ sí owó ọjà. Iná kò ní kú nígbà tí oníbàárà bá pè. Dátà tí ẹ rà kò ní tán kí ọjà tó tà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní ṣe ségesège lẹ́nu owó yín.

Ẹ̀yin tí agbára wà lọ́wọ́ yín, mo gbàdúrà fún ẹ̀yin náà. Kí Ọlọ́run fi ojú ìyá tó ń ra dátà pẹ̀lú èrè aṣọ kan hàn yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi owó lé dátà. Kí ọkàn yín má le sí ẹni tí owó rẹ̀ há sínú báńkì lọ́jọ́ Ẹtì tí ọjà sì ń bẹ ní Sátidé. Àṣẹ.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Ní àwọn ọdún 1940, ní Abẹ́òkúta yìí kan náà, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, obìnrin tó ti kàwé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ti àwọn obìnrin ọlọ́jà, ó sì ń kọ́ wọn ní ìwé. Ìró àti bùbá ló ń wọ̀ wá bá wọn, Yorùbá ló ń bá wọn sọ. Nígbà tó di 1946, wọ́n ti di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin wọ̀nyí ló sì dìde sí owó orí tó ń ni wọ́n lára títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Láti orí a, b, d ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹlẹ́dàá, gbé irú wọn dìde fún wa. Fún wa ní ọmọ tó mọ fóònù tí kò fi ìmọ̀ rẹ̀ rẹ́ àgbà jẹ. Fún wa ní olùkọ́ tó lè sọ ọ́ ní Yorùbá, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta, tí ohùn rẹ̀ kò sì ní le. Kí ojú má ti àgbà láti béèrè, kí ó má rẹ ọmọdé láti dáhùn. Ìmọ̀ tí a bá pín kì í dín. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ó kọ́ ọ, yóò yé yín, ẹ ó sì fi kọ́ ẹlòmíràn. Ajé yóò wọlé tọ̀ yín, kò ní fẹsẹ̀ kan jáde. Ẹ ó rí oúnjẹ òòjọ́, ẹ ó rí owó ilé ìwé ọmọ, ẹ ó rí tí ẹ ó fi ṣe sàráà. Èlú kò ní wọ́n. Ọwọ́ yín yóò dú nítorí iṣẹ́, ojú yín yóò mọ́ nítorí èrè. Àṣẹ, àṣẹ, àṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, mo dúpẹ́ àmín yín, ṣùgbọ́n àmín nìkan kò tó. Ìyá kan wà ládùúgbò yín tí ọjà rẹ̀ dára, tí àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ yà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ kí i dáadáa. Ẹ nu ojú kámẹ́rà rẹ̀, kí ẹ sì bá a gbé aṣọ rẹ̀ bọ́ síta.