ÌWÉ TÍ ỌBA SUN NÍNÁ

KÀ: Jeremáyà 36:20-32
AKỌ́SÓRÍ: Aísáyà 40:8 (Ṣí i nínú Bíbélì rẹ, kí o sì há a sórí)

Olùfẹ́ ọ̀wọ́n, nínú ibi kíkà wa ti òní, a rí Ọba Jèhóíákímù níbi tí ó ti ń yáná. Bí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i létí, ó ń fi ọ̀bẹ gé ìwé náà, ó sì ń jù ú sínú iná títí gbogbo rẹ̀ fi jóná tán. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ní kí Jeremáyà mú ìwé mìíràn. Bárúkù tún jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀, a sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un.

Àwọn ọba mìíràn tún dán an wò lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 303, Diocletian, olú-ọba Róòmù, pàṣẹ pé kí a sun Ìwé Mímọ́ àwọn Kristẹni. Àwọn kan bẹ̀rù, wọ́n kó tiwọn jáde. Àwọn mìíràn kọ̀, wọ́n sì kú nítorí rẹ̀. Lónìí, Diocletian ti di ìtàn. Ṣùgbọ́n ní ilé ìkówèésí Chester Beatty ní ìlú Dublin, ní Ireland, àwọn ewé ìwé kan wà tí a da àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù kọ sí ní nǹkan bí 100 ọdún ṣáájú àṣẹ náà. Íjíbítì ni a ti rí wọn, ilẹ̀ tí àṣẹ náà dé!

Wo ìwé Aísáyà tí akọ́sórí wa ti jáde. Ní 1947, àwọn darandaran rí i nínú ihò àpáta kan ní Kumránì, lẹ́bàá Òkun Òkú. Awọ ni a kọ ọ́ sí, gígùn rẹ̀ sì ju mítà 7 lọ. A ti kọ ọ́ ní nǹkan bí 100 ọdún kí a tó bí Olúwa wa. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi í wé ìwé Hébérù tí a kọ ní nǹkan bí 1,000 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rí ìyàtọ̀ nínú sípẹ́lì àti nínú ọ̀rọ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wòlíì náà jẹ́ kò yí padà. Àwọn adàwékọ tí a kò mọ orúkọ wọn ni Ọlọ́run lò.

Ó lo ọwọ́ ènìyàn fún èdè wa pẹ̀lú. Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ni ó túmọ̀ lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, tí ó jáde ní 1850. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kò sinmi títí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884.

Mo wá bi ọ́ ní òwúrọ̀ yìí: kí ni o ń fi Bíbélì tìrẹ ṣe? Ṣé abẹ́ ìrọ̀rí ló wà, kí àlá burúkú má baà wá? Ṣé iwájú mọ́tò ni o gbé e sí, kí ìjàm̀bá má baà ṣẹlẹ̀? Àwọn kan kú kí ìwé yìí má baà jóná. Wọn kò kú kí eruku lè bò ó. Ẹ̀mí Mímọ́ a máa rán ni létí, ṣùgbọ́n ohun tí o kò kà rí, báwo ni yóò ṣe rán ọ létí rẹ̀? Kí o tó jáde lónìí, ka orí kan sókè sí etígbọ̀ọ́ àwọn ará ilé rẹ.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, mo dúpẹ́ fún gbogbo àwọn tí wọ́n pa Ọ̀rọ̀ rẹ mọ́ títí ó fi dé ọwọ́ mi.
2. Olúwa, jí ebi Ọ̀rọ̀ rẹ dìde nínú ilé mi.
3. Gbogbo iná tí ọ̀tá dá láti jó ìlérí Ọlọ́run lórí ayé mi, kú, ní orúkọ Jésù!