Ẹyinjú Tí Kò Ṣàìsàn

Àwọn onígbàgbọ́ kan wà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, tí ọkàn wọn kì í gba iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà ṣe sí ojú. Wọ́n ní ta ni ọmọ aráyé tó fẹ́ tún iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá ṣe? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí ìgò ni àwọn náà ń fi ka Bíbélì àti Kùránì. Bó bá jẹ́ àfojúdi ni láti tún ìríran ṣe, ìgò ti dá ẹ̀ṣẹ̀ náà kí lésà tó dé. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀, inú ẹran ara ló wà.

Lọ́dún 1981, Rangaswamy Srinivasan, James Wynne àti Samuel Blum ń ṣèwádìí nílé iṣẹ́ IBM ní Yorktown Heights, ìpínlẹ̀ New York. Srinivasan gbé ẹran tòlótòló tó ṣẹ́ kù nílé lẹ́yìn ọdún Ìdúpẹ́ wá síbi iṣẹ́, wọ́n sì tan lésà kan sí i, èyí tí ojú lásán kò lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ojú ibi tó gé mọ́ tónítóní, etí rẹ̀ kò jóná. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kì í sun ẹran. Ṣe ló ń já ohun tó so ó pọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílò rẹ̀ fún ojú lọ́dún 1995. Lónìí, dókítà á gé awọ fẹ́lẹ́ kan níwájú ẹyinjú, á ṣí i bí ẹni ṣí ojú ìwé, lésà á sì máa gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá ta, nǹkan bí ìdá kan nínú 4,000 mìlímítà kan ló ń mú kúrò, lára awọ iwájú ẹyinjú tí gbogbo nínípọn rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lọ kò ní hù mọ́. Ìgò ṣeé bọ́ sórí tábìlì. Èyí kò ṣeé dá padà.

Awọ tí wọ́n ń gé náà kò sì ṣàìsàn. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tí kì í rí òkèèrè, ẹyinjú ló gùn jù láti iwájú dé ẹ̀yìn. Awọ iwájú kò jẹ̀bi ohunkóhun, òun ni wọ́n kàn ń tẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè balẹ̀ síbi tó yẹ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ abẹ yìí fi sún mọ́ ilà kíkọ ju egbò wíwẹ̀ lọ. N kò sọ pé èèwọ̀ ni. Ẹni tó ni ara ló ni àṣẹ. Àmọ́ àwa tí a kọlà fún ọmọ ọwọ́ tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ ohun tí àpá ń jẹ́ nígbà tí wọn kò bi ẹni tó ni ojú. Ẹni tí wọn kò sì la ọ̀rọ̀ yé, wọn kò tíì bi í.

Ẹnìkan lè ní, ẹni tí kò lè dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ láìwọ ìgò, ṣé ara onítọ̀hún le? Ìnira rẹ̀ kì í ṣe kékeré, pàápàá bó bá jẹ́ panápaná. Síbẹ̀ ìgò ń gbé e, kò sí pàjáwìrì níbẹ̀. Wọ́n á tún ní àwọn tó ń kábàámọ̀ kò pọ̀. Òótọ́ ni, inú ọ̀pọ̀ jù lọ ń dùn. Ṣùgbọ́n dókítà tó yọ ohun funfun tó ń dí ìríran kúrò lójú tó ń fọ́ lọ lè wí pé ojú náà kò ṣáà níí dá sàn. Oní-lésà kò ní àwáwí yẹn. Nítorí náà, kí aláìsàn (bí a bá tilẹ̀ lè pè é bẹ́ẹ̀) tó sanwó, ó yẹ kó gbọ́ pé ojú lè máa gbẹ nítorí iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n gé, pé iná mọ́tò lè máa tàn yíká lójú rẹ̀ lóru, pé bó bá ti lé ní ogójì ọdún, ó lè tún nílò ìgò ìkàwé. Ẹni tí awọ ojú rẹ̀ bá fẹ́lẹ́ jù ńkọ́? Kí dókítà sọ fún un pé kó máa wọ ìgò rẹ̀ lọ, bí owó náà tilẹ̀ máa bọ́ mọ́ ilé ìwòsàn lọ́wọ́.