Ìwúre fún Àwọn Ọmọ Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Ṣiṣẹ́ ní Ìdànrè

Olódùmarè, Ọba tó to òkúta lé òkúta ní Ìdànrè kí ènìyàn tó dé ibẹ̀, ìbà rẹ o. Ìbà Ọ̀wá, ọba Ìdànrè, àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ìbà Òròsùn, òkè tó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìbà àwọn tó kọ́ ààfin, tí wọ́n kọ́ kóòtù, tí wọ́n kọ́ ilé ìwé sórí àpáta, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì sin òkú wọn síbẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsàlẹ̀ dó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí mo bá ṣi ohùn pè, ẹ tún un ṣe fún mi.

Kì í ṣe olóyè ni mo fẹ́ wúre fún lónìí. Kì í ṣe ìyàwó ojú ọ̀nà, kì í ṣe ọmọ tuntun, àwọn tí àdúrà kì í wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Ẹ̀yin tí yunifásítì fún ní lẹ́tà pé kí ẹ lọ wá ibi tí ẹ ó ti ṣe IT, ìkọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí ọkọ̀ já sílẹ̀ ní Ìdànrè pẹ̀lú àpò kan àti bàtà funfun kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àkókò ìsinmi yọ̀ǹda ara yín fún àjọ tó fìdí kalẹ̀ nílé wa níbí, ṣùgbọ́n tó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ń ṣe àmín, kó ṣe àmín. Ẹni tó bá ń ṣe àṣẹ, kó ṣe àṣẹ. Ẹnu kan náà ni méjèèjì ń gbà jáde.

Ní 1973 ni àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, gbé ètò SIWES, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe IT, kalẹ̀, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ń ké pé ọmọ tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ gíga jáde mọ ìwé, kò mọ iṣẹ́. Ọdún 1973 yẹn kan náà ni ìjọba Ọ̀gágun Gowon dá NYSC, ètò àwọn àgùnbánirọ̀, sílẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ìyá ti ń di gàárì àti ṣúgà sápò ọmọ tó ń lọ síbi tí kò ti mọ ẹnì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe IT, mo wúre fún yín pé oṣù mẹ́fà yín kò ní jẹ́ oṣù mẹ́fà tí ẹ fi ń ra búrẹ́dì fún ọ̀gá. Iṣẹ́ tó lórúkọ ni wọn yóò gbé lé yín lọ́wọ́. Ohun tí ẹ bá ń kọ sínú logbook lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òótọ́ ni yóò jẹ́. Ẹ kò ní jókòó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn kí ẹ máa hun ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún jáde láti inú orí. Ọ̀gá kò ní bu ọwọ́ lù ú láìkà á. Olùkọ́ tó yẹ kó wá bẹ̀ yín wò láti ilé ẹ̀kọ́ yóò wá ní tòótọ́, kò ní pè yín lórí fóònù pé kí ẹ ṣáà sọ pé òun ti wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àdúrà ni mò ń ṣe.

Àwọn àjọ tí mò ń wí yìí, ẹsẹ̀ wọn wà nílé, ojú wọn wà lókèèrè. Red Cross ti Nàìjíríà wà lára wọn láti 1960. Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ń bá BirdLife International ṣiṣẹ́ lórí ẹyẹ àti igbó wa. Àwọn mìíràn kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, yàrá kan ni ọ́fíìsì wọn, jẹnẹrétọ̀ kan, tábìlì méjì, àmọ́ ìwé tí wọ́n ń kọ ń dé Geneva. Ìwé wà ní Paris lọ́dọ̀ UNESCO, ìwé wà ní Brussels lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ẹni tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní abà, ó ń sá kòkó. Ní àárín àwọn méjèèjì, ọmọ ogún ọdún tó gbé fóònù dání ló dúró. Àárín yẹn ni mò ń wúre sí. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kò ní dà nù lọ́wọ́ yín kó tó dé Brussels. Ọ̀rọ̀ Brussels kò sì ní di ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ lẹ́nu yín kó tó dé abà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí òkè náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè wọ inú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń dábàá fún UNESCO pé kí wọ́n di ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Sukur ti wọ inú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé gan-an láti 1999. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005. Ìdànrè ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ìdábàá náà dárúkọ ààfin Ọ̀wá àtijọ́, àwọn ojúbọ, kóòtù àtijọ́, ilé agogo, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, Omi Àpáàrá, àti ibi tí wọ́n sin àwọn ará ìṣáájú sí. Ṣùgbọ́n ká dárúkọ nǹkan yàtọ̀ sí ká rojọ́ rẹ̀ kó yéni. Kí ibì kan tó wọlé, wọ́n ní láti wọn ààlà rẹ̀, kí wọ́n ya máàpù rẹ̀, kí wọ́n kọ bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn onímọ̀ ICOMOS, tó ń gba UNESCO nímọ̀ràn, tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni yóò máa gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn lójoojúmọ́ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n àti kámẹ́rà? Èmi kọ́. Orúnkún mi ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ni, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì FUTA tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrìn-àjò afẹ́ àti ẹranko igbó ní Àkúrẹ́ tó wà nítòsí, ẹ̀yin tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ wọ̀n. Láti 2008 ni UNESCO pàápàá ti ń ṣètò fún ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn láti ṣiṣẹ́ níbi àjogúnbá káàkiri ayé.

Àtẹ̀gùn kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Òjò kò ní ba iṣẹ́ yín jẹ́. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbà tó mọ orúkọ ojúbọ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ dọ̀bálẹ̀, tí ẹ kúnlẹ̀, yóò dá yín lóhùn. Bí ó bá ní kí ẹ má ya àwòrán ibì kan, ẹ ó ti kámẹ́rà bọ àpò láìjiyàn, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ti ìwé. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tí ó sì gbà kí ẹ kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú àkọsílẹ̀ yín ní kíkún, kò ní di “àgbàlagbà kan ní àdúgbò náà.” Àwọn tó ń mú àlejò rìn lórí òkè máa ń sọ pé ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára àpáta ń gba ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí inú rẹ̀ mọ́, ìbáà tóbi, ìbáà kéré. Ti ìkà ni kì í wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ yín yóò wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ẹni tó rán yín níṣẹ́ náà yóò wọ̀ ọ́, nítorí tirẹ̀ ló máa ń kọ mí lóminú jù.

Kòkó ńkọ́? Owó ilé ìwé ọ̀pọ̀ nínú yín, ara igi kòkó ló ti já. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò múlẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òfin náà fẹ́ mọ ibi tí oko wà gan-an. Oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ, àmì ibì kan ṣoṣo tó fún un. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan ní láti rìn yí ààlà rẹ̀ ká pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ tó mọ fóònù lò ni wọ́n ń wá fún un.

Ẹ wá wò ó láti ojú àgbẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ rí dé, ó ń rìn yí oko ká, ó ń tẹ nǹkan lọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀. Ṣé owó orí ni wọ́n tún fẹ́ gbà ni, àbí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀? Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ọ̀pọ̀ tó ń dáko kòkó kọ́ ló ni ilẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san. Àwọn mìíràn sì wà nínú igbó ọba. Bí máàpù bá jáde, orúkọ ta ni yóò wà lórí rẹ̀? Olódùmarè, fún àwọn ọmọ yìí ní ẹnu tí wọn yóò fi ṣàlàyé kí wọ́n tó tan fóònù. Jẹ́ kí wọ́n lè sọ fún àgbẹ̀ ibi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ẹni tí yóò rí i, àti èrè tí yóò tìdí rẹ̀ yọ fún un. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, fún wọn ní àyà láti padà lọ bi ọ̀gá wọn kí wọ́n tó wọ oko kejì. Máàpù tí wọ́n bá yà kò ní di ohun tí a fi lé àgbẹ̀ kúrò nídìí igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Igbó tó ṣẹ́ kù kò ní ti ọwọ́ wọn run. Bí wọ́n bá rí ibi tí wọ́n ti gé igbó lánàá, wọn kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti di oko láti ayé baba ńlá, bó ti wù kí ọ̀gá kánjú tó.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ìlera bá gbé wá ńkọ́? Ní 2010 àti 2013, àwọn onímọ̀ ìlera wá ṣèwádìí lórí ọdún àdán ní Ìdànrè, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń wọ ihò àpáta lọ mú àdán, láti mọ̀ bóyá kòkòrò àrùn tó jẹ́ ìbátan ti dìgbòlugi ti kan àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ tó dára ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá tẹ̀lé irú wọn, ẹ kò ní kó àrùn, ẹ kò ní sọ ìlú tó gbà yín lálejò di ìlú àrùn lójú ayé, èsì àyẹ̀wò yóò sì padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó na apá fún abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan mọ́ àdúrà. Ní 1961 ni àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps àkọ́kọ́ dé láti Amẹ́ríkà sí University College ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn, Margery Michelmore, kọ káàdì kékeré sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé nígboro, ọ̀rọ̀ tí kò dùn-ún gbọ́. Káàdì náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rí i, wọ́n dà á kọ, wọ́n pín in, ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó sì padà sílé. N kò gbà pé ènìyàn burúkú ni. Kò kàn rò ó pé àwọn tí òun ń kọ̀wé nípa wọn lè ka ìwé náà ni. Káàdì ti wá di WhatsApp lónìí, kò sì dìgbà tó bá já bọ́ kí ayé tó kà á. Nítorí náà, fóònù yín kò ní tú yín fó. Ẹ kò ní ya ọmọ ọlọ́mọ ní ìhòòhò kí ẹ fi tọrọ owó lókèèrè. Ohun tí ẹ bá kọ nípa Ìdànrè, ẹ ó lè kà á sókè láàrin ọjà Ìdànrè, kí ìyá aláta sì ní kí ẹ tún un kà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò ní bọ́ sọ́wọ́ àjọ òfégè tó ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gbé yín lọ sí Kánádà. Ọ̀kadà kò ní ṣubú pẹ̀lú yín. Ejò oko kòkó yóò yà fún yín. Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀gá tó bá fẹ́ sọ pé kí ẹ wá gba lẹ́tà ẹ̀rí nílé òun lálẹ́, ẹnu rẹ̀ yóò wúwo kó tó sọ ọ́. Bí ó bá sọ ọ́, ẹ ó rí ẹni gidi tí ẹ ó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, ẹni tí yóò gbà yín gbọ́, tí yóò sì lé e kúrò níṣẹ́.

Àwọn àjọ náà ńkọ́? Mi ò ní yọ wọ́n sílẹ̀. Ọlọ́run yóò fi kún àpò yín kí ẹ lè máa san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán, nítorí iṣẹ́ tí kò lówó nínú, ọmọ olówó nìkan ló lè ṣe é pẹ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà ní Aládé, ní Ìdànrè níbí, ní làákàyè tó ti ọmọ Lẹ́kkí, owó ọkọ̀ ló ń dá a dúró. Owó tí òkèèrè bá fi ránṣẹ́ yóò dé ibi tí wọ́n rán an sí. Bí owó náà bá tán, iṣẹ́ kò ní bá a tán. Ẹ̀yin ọmọ Ìdànrè tó wà ní London àti Houston, tí ẹ ń rán ọmọ yín wálé wá ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, a ó gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀. A kò ní fi Yorùbá ẹnu wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó yá, ẹ dìde. Orí yín yóò gbè yín. Ibi tí ẹ bá ṣiṣẹ́ sí, wọn yóò béèrè yín lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Ẹni tó ń lọ gba lẹ́tà ní Àkúrẹ́, ẹni tí yóò bu ọwọ́ lù ú yóò wà lórí ìjókòó. Ẹni tó ń lọ abà, onílé yóò wà nílé. Ẹni tó bá sì ń gun òkè lónìí, kó gbé omi dání, kó sọ fún àwọn tó wà lẹ́nu ibodè pé òun ń gòkè, kó má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lókè. Àṣẹ.